Gíní píìgì tó ṣẹ́ kù kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tí èkejì rẹ̀ ti kú. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tó ń sin ẹran. Gíní píìgì méjì ni àwọn ọmọ ń sìn nílé wa, abo ni méjèèjì, inú àgò kan náà ni wọ́n sì jọ dàgbà. Ọ̀kan kú ní òru mọ́jú ọjọ́ Ajé, a kò rí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, a sì ti sin ín. Láti ìgbà náà ni èyí tó ṣẹ́ kù ti ká jọ sí igun àgò. Tẹ́lẹ̀, tí a bá ti ń tú ọ̀rá ewé báyìí, igbe rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ní báyìí, ó kàn ń wò wá ni. Á já koríko lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á sì fi í sílẹ̀.

Ṣé ọ̀fọ̀ ni àbí àìsàn? Kí la lè fún un jẹ? Ẹnì kan sọ pé òun ní akọ kan tí òun lè tà fún wa kó lè rí ẹnìkejì. Ṣé ká rà á? Èyí tó kù yìí ti lé ní ọdún kan àbọ̀, kò bímọ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Dókítà Ẹranko, Ọ̀yọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa rẹ àwọn ọmọ lẹ́kún. Ẹranko tó máa ń gbé pọ̀ ni gíní píìgì. Ní agbègbè òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, agbo kéékèèké ni àwọn ẹbí wọn inú igbó ń gbé. Òótọ́ ni pé ó ń wá èkejì rẹ̀. Àmọ́ ìwà tí ẹ sọ yìí náà ni ìwà ẹran tí ara rẹ̀ kò yá, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ má tíì pè é ní ọ̀fọ̀ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ìfun gíní píìgì kì í sinmi: koríko tó ń wọlé ló ń ti èyí tó wà níwájú. Tí kò bá sí èyí tó ń wọlé, ìfun á dákẹ́, gáàsì á kún inú, inú á máa run ún, ìrora yẹn gan-an ni kò sì ní jẹ́ kó fẹ́ jẹun mọ́. Tó bá ti tó wákàtí 12 tí kò jẹ ohunkóhun, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa fi sírínjì bọ́ ọ. Tó bá fi máa di wákàtí 24, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó wà.

Ẹ wá òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. Ẹ gbé abọ́ lé e, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ tó gbé ẹran náà sínú abọ́. Àràárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, ní àsìkò kan náà, kó tó jẹ ewé tútù, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Abo tó ti dàgbà sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 700 sí 900, ṣùgbọ́n iye tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi wé ara wọn. Ìyàtọ̀ gíráàmù 20 tàbí 30 láàárín ọjọ́ méjì kò tó nǹkan, ìtọ̀ àti oúnjẹ lè fà á. Tí èyí tó jẹ́ 800 bá wá di 720, ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ló ti lọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí dókítà tó rí i.

Ẹ wo imí rẹ̀. Imí ẹran tó ń jẹun máa ń pọ̀, ó máa ń gùn díẹ̀, ó sì máa ń dọ́gba. Tó bá ti wẹ́, tí orí kan rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tàbí tí wọ́n so mọ́ra wọn, oúnjẹ kò wọlé tó, bó ti wù kí ẹ máa rí i nídìí koríko. Ẹ fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀: tó bá tutù fún itọ́, eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ojú tó ní ìpín, imú tó ń ṣàn àti èémí tó ń dún, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ máa fura sí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló pa ti àkọ́kọ́. Tí ikùn bá wú tó le gbandi, ẹ má fi sírínjì fún un ní nǹkan kan, ẹ máa gbé e lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú jù lọ rèé. Ẹ má lọ sí kẹ́míìsì lọ ra ampicillin, amoxicillin tàbí kápúsù aláwọ̀ méjì tí àwa èèyàn máa ń lò. Gbogbo oògùn ìdílé penicillin tí a bá gbà lẹ́nu, àti lincomycin àti erythromycin pẹ̀lú, ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun gíní píìgì. Àwọn búburú á wá gbalé, májèlé tí wọ́n ń tú jáde á sì pa ẹran náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ gíní píìgì tí òtútù lásán mú, oògùn yìí ló pa wọ́n. Àwọn oògùn apakòkòrò tó bá wọn lára mu wà, dókítà ló máa wọn ìwọ̀n tó tọ́ sí ìwúwo rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa fi sírínjì bọ́ ọ: ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì ehoro, ìyẹn oúnjẹ ehoro gbígbẹ oníhóró tí wọ́n ń tà nínú àpò, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ sì sẹ́ ẹ kó má bàa dí ẹnu sírínjì. Ẹ kọ́kọ́ ka ara àpò pẹ́lẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti po oògùn mọ́. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lórí sírínjì mílílítà kan tàbí méjì, ẹ fi táwẹ̀lì wé ẹran náà, kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ má dà á délẹ̀ láéláé, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú, ni sírínjì ń gbà wọlé. Ẹ fún un ní ìdajì mílílítà, ẹ dúró kó jẹ ẹ́, kó gbé e mì, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Èyí tó wúwo tó gíráàmù 800 tí kò bá jẹ nǹkan kan fúnra rẹ̀ nílò bíi mílílítà 40 sí 64 lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ìgbà mẹ́fà, á máa jẹ́ bíi mílílítà méje sí mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má lo ògì, ẹ má lo wàrà: wọ́n á kan nínú ìfun rẹ̀, gáàsì á sì pọ̀ sí i.

Gíní píìgì kò lè ṣe fáítámì C fúnra rẹ̀, bíi ti èèyàn. Ó nílò mílígíráàmù 10 sí 30 fún kílò kan ara rẹ̀ lójúmọ́, èyí tí ara rẹ̀ kò yá sì nílò iye tó pọ̀ jù nínú ìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin oògùn fáítámì C mílígíráàmù 100, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ sírínjì, ti tó. Ẹ má dà á sínú omi mímu rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á ba agbára rẹ̀ jẹ́, adùn omi á sì yí padà, kò ní mu ún. Tó bá ń jẹun fúnra rẹ̀, tàtàṣé tútù tàbí gúáfà díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ náà.

Fún ẹnikẹ́ni tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ sí: ẹ má tètè sin òkú. Ẹ wé e sínú ọ̀rá méjì, ẹ fi yìnyín yí i ká nínú kúlà. Ẹ má gbé e sínú fìríìsà, torí bó bá dì, ẹran ara rẹ̀ á bàjẹ́ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kí ọjọ́ kan tó pé. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún èkejì.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Dókítà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi tó ń gbé.

Òórùn èkejì rẹ̀ ṣì wà nínú àgò yẹn. Tó bá dá yín lójú pé ooru tàbí ọjọ́ ogbó ló pa ẹni tó lọ, ẹ má fọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó ìdajì koríko ìtẹ́ kúrò lónìí, kẹ́ ẹ sì kó ìdajì kejì lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ibùgbé rẹ̀ má di àjèjì sí i lójijì. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí a kò mọ ohun tó pa ti Ìyá Ìbejì, èmi á ní kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣáájú, títí ìtọ̀ á fi kúrò pátápátá, torí bílíìṣì tó bá pàdé ìtọ̀ máa ń tú gáàsì tó ń jó ojú àti imú jáde. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n bílíìṣì kan sí omi mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó wà lára àgò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ sì sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Ẹ gbé àgò sí ibi tí ẹ ti ń jókòó, kó máa gbọ́ ohùn yín, kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì fara ti ògiri. Kó jìnnà sí èéfín ààrò àti jẹnẹrétọ̀. Rédíò tí ohùn rẹ̀ kò lọ sókè dára fún ìgbà tí kò bá sẹ́ni nílé. Dígí tí àwọn kan ń gbé sí àgò kí ẹran lè máa wo ara rẹ̀ kò wù mí. Kò ní òórùn, kì í dáhùn igbe, gíní píìgì míì tilẹ̀ máa ń bá a jà. Kí ọmọ kan jókòó tì í, kó máa fi ọwọ́ na koríko sí i, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi ìsápamọ́ ṣe pàtàkì nísinsìnyí tí kò ní ẹni tí yóò fara tì. Àwọn tó ń fín igbá lọ́dọ̀ wa níbí sábà máa ń ní ààbọ̀ igbá tó ti sán díẹ̀. Ẹ dà á bolẹ̀, ẹ gé ẹnu ọ̀nà méjì sí i, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ọ̀nà méjì ni mo wí o: tí ẹ bá mú èkejì wá lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí wọ́n bá há mọ́ inú ibi tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo á bá wọn jà ni. Igbá tí wọn kò kùn ni kẹ́ ẹ mú, tí wọ́n ti ha inú rẹ̀ títí tó fi mọ́, torí ohun kíkorò tó wà nínú igbá lè ṣe ẹran ní jàǹbá, wọ́n á sì máa rẹ́ ẹ jẹ dandan.

Ẹ ṣọ́ra fún ooru. Tó bá ti kọjá 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni wọ́n. Yàrá abẹ́ páànù tí kò ní àjà ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì. Ẹ da omi sínú ike, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi táìlì kan síbẹ̀ kó lè sùn lé e. Lásìkò ọyẹ́, òru ni kẹ́ ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ àgò mẹ́ta, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ kún ti inú.

Láti fa ojú rẹ̀ mọ́ oúnjẹ, ẹ gbìyànjú háríhá àgbàdo tútù, ewé yúnyún, ìgbálóde àti ewé ọ̀dùnkún díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ sì gbọn omi kúrò. Ẹ má já wọn létí títì tàbí lóko tí wọ́n fín oògùn sí. Ewé pákí, ewé tòmátì, àlùbọ́sà àti píà kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Koríko ni kó ṣì jẹ́ ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀, òkìtì tó tó ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. A ti wọ̀n ọ́n, gíráàmù 790 ni. Imú àti ojú mọ́, ikùn rọ̀. Ó gba oúnjẹ sírínjì, ó sì fúnra rẹ̀ jẹ háríhá. Ọ̀rọ̀ akọ yẹn ló kù. Ọmọ àbúrò mi náà ní ehoro kan tó dá wà. Ṣé a kò lè kó àwọn méjèèjì pọ̀?

Bàbá Ọlọ́sìn, Ògbómọ̀ṣọ́

Háríhá tó fúnra rẹ̀ jẹ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ẹ má ra akọ yẹn, àyàfi tí dókítà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ọmọ gíní píìgì máa ń tóbi kí wọ́n tó bí i, pẹ̀lú irun lára àti ojú tó là. Kó tó lè kọjá, oríkèé eegun ìdí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ là díẹ̀. Abo tí kò bá bímọ kó tó pé oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, oríkèé yẹn máa ń le. Tó bá wá lóyún lẹ́yìn náà, ọmọ lè há, tí kò bá sì sí iṣẹ́ abẹ kíákíá, tìyá tọmọ ló máa bá a lọ. Tiyín ti kọjá ọjọ́ orí yẹn. Akọ tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́dàá gbọ́dọ̀ dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí ó ṣì lè fún abo lóyún láàárín àsìkò náà.

Ehoro kọ́. Ìtàpá rẹ̀ kan lè ṣẹ́ gíní píìgì léegun, oúnjẹ wọn kò rí bákan náà, kòkòrò Bordetella tó máa ń gbé imú ehoro láìṣe é ní nǹkan kan sì máa ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró fún gíní píìgì.

Abo bíi tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ọmọdé tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àgbà sábà máa ń tètè gbà, ṣùgbọ́n àgbà oníwà pẹ̀lẹ́ náà dára. Ẹ fi ojú ara yín yẹ ìdí rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí àwọn tó ń tà á máa ń ṣì í mọ̀. Ti abo ní ìrísí lẹ́tà Y. Ti akọ jẹ́ ojú kékeré róbótó, tẹ́ ẹ bá sì rọra fi ìka tẹ òkè rẹ̀, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ á yọ jáde. Ẹ bèèrè bóyá òun àti akọ jọ gbé. Akọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lè fún abo lóyún, oyún wọn sì máa ń gba ọjọ́ 59 sí 72, nítorí náà, ẹ lè ra ẹyọ kan kẹ́ ẹ sì bá mẹ́rin nílé.

Tí ẹ bá gbé e dé, yàrá ọ̀tọ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ bọ́ àgbà ilé kí ẹ tó bọ́ àlejò, ẹ fọ ọwọ́, ẹ má lo abọ́ kan náà.

Ọjọ́ ìpàdé, ẹ má ṣe ju àlejò sínú àgò onílé. Ilẹ̀ tí kò jẹ́ ti ẹnìkankan nínú wọn ni kẹ́ ẹ lò, bíi pálọ̀ tí ẹ fi pákó tàbí páálí ká mọ́, kó fẹ̀ tó mítà méjì níbùú lóròó. Ẹ da koríko sí i lọ́pọ̀ yanturu, kí wọ́n lè rí nǹkan fẹnu ṣe. Wọ́n á gbóòórùn ìdí ara wọn, ọ̀kan á máa kùn hùn-ún, á máa mi ìdí, á gun èkejì, á lé e kiri. Ìyẹn kì í ṣe ìjà, wọ́n ń wá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá pín wọn níyà nídìí èyí, ìdíje náà kò parí, lọ́jọ́ míì wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí ara wọn le, kí irun ọrùn nà, kí eyín máa dún gbà-gbà-gbà láìdáwọ́ dúró, kí wọ́n máa yán ẹnu fi eyín han ara wọn. Ẹ ju aṣọ ìnura sáàárín wọn nígbà náà. Tí wọ́n bá ti wé mọ́ra, tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, ó parí fún ọjọ́ yẹn. Ẹ má ki ọwọ́ lásán bọ ibẹ̀ o, eyín wọn á kan eegun. Páálí líle tàbí ìkólẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi là wọ́n.

Tí wákàtí méjì mẹ́ta bá kọjá, tí wọ́n ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tàbí tí ọ̀kan dùbúlẹ̀, ẹ kó wọn papọ̀ sínú àgò tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti yí ètò inú rẹ̀ padà. Fún méjì, kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 120 ní 60, pẹ̀lú ìgò omi méjì, abọ́ méjì àti ibi ìsápamọ́ méjì.

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Bàbá, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀ jù fún ẹran tó ti ń kọ oúnjẹ torí pé ó dá wà. Ṣé wọn kò lè máa wo ara wọn láti inú àgò méjì nínú yàrá kan náà?

Dókítà Ẹranko, Ọ̀yọ́

Rárá o. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń gba inú ikọ́ àti sísín kọjá, wáyà àgò kò sì lè dá a dúró. Mo lè dín in kù sí ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà bá ti yẹ àlejò wò, tó sì ń sanra sí i. Mi ò ní kéré sí ìyẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn rí i dájú pé onílé ti padà sí ìwúwo rẹ̀, torí ìpàdé àkọ́kọ́ máa ń gba agbára lára rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti kúrò ní yàrá ọ̀tọ̀ ni ti inú àgò méjì tó fara kanra wúlò, fún àwọn tó bá kọ ara wọn. Wáyà tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ ni kẹ́ ẹ fi sáàárín, kẹ́ ẹ da koríko sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ìtẹ́ wọn kí òórùn ara wọn lè di mímọ̀. Àwọn méjì tí kò bára wọn gbé rárá ṣì lè máa gbé ẹ̀gbẹ́ wáyà bẹ́ẹ̀ títí ayé wọn, ó sàn ju ìdáwà lọ.

Tí wọ́n bá sì ti jọ wà, ẹ má dáwọ́ ìwọ̀n dúró. Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀gá lè máa lé èkejì kúrò nídìí abọ́ lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo. Tí ìwúwo ọ̀kan bá ń lọ sókè tí ti èkejì ń já wálẹ̀, ẹ fi abọ́ kẹta kún un ní igun tó jìnnà jù.